Ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ ṣe

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: nà, lù, hùwà ipá sí. Wọ́n yàtọ̀ síra. Òbí a máa na ọmọ, olùkọ́ a máa na akẹ́kọ̀ọ́. Ìbáwí wà nínú “nà”. Obìnrin tó bá ní “Ọkọ mi nà mí” lè máa rò pé òun ló ṣẹ̀. “Ó lù mí” kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló sọ. “Ìwà ipá” ní tirẹ̀, ìdájọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye obìnrin adití tí ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà ń lù gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, Melissa Anderson àti Caroline Kobek Pezzarossi ṣèwádìí lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin adití 97, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2012. Ó lé ní ìdajì wọn tí kò pe ohun tí ojú wọn rí ní ìwà ipá, kódà nígbà tó le gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí kì í ṣe adití ṣe máa ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ má béèrè pé “Ṣé ó ń hùwà ipá sí yín?” Ẹ ní: “Ṣé ó ti tì yín rí? Ṣé ó ti gbá yín létí rí?” Irú ìbéèrè báyìí ni olùwádìí Murray Straus fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ fún ìwà ipá láàárín tọkọtaya ní 1979; èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1996 ní ìbéèrè 78.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n náà ń béèrè bóyá ẹnì kan jágbe mọ́ ẹnì kejì. Ọwọ́ ni adití fi ń sọ̀rọ̀, ojú ló fi ń gbọ́. Ọkùnrin tó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ti pa á lẹ́nu mọ́. Èyí tó pa iná nígbà tí ìjà ń lọ ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí tó gba fóònù rẹ̀ ti dí ọ̀nà ìrànlọ́wọ́. A gbọ́dọ̀ béèrè àwọn wọ̀nyí náà, ní èdè adití gan-an.

Ẹ má pe obìnrin adití ní odi o. Odi ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Adití ní èdè tirẹ̀. Ẹ má sì fi ọkọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀, torí ẹnu ọkọ nìkan lẹ ó gbọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.