Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọmọ Lórúkọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọjà Tí A Ń Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ń gba ọ́dà lórí fóònù àti WhatsApp, tí wọ́n sì ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Nínú òwò yìí, oníbàárà a máa sanwó kí ó tó fojú kan ọjà. Bí a bá já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ kan tí ń ta epo pupa ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣe àpẹẹrẹ. Kẹ́ẹ̀gì 20 ni ó wà ní sítọ́ọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni ń gba ọ́dà, olúkúlùkù lórí fóònù tirẹ̀. Ẹni kìíní gba ọ́dà kẹ́ẹ̀gì 10 láti Òṣogbo, ẹnì kejì gba 8 láti Ìbàdàn, ẹnì kẹta gba 7 láti Èkó. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ti gba owó kẹ́ẹ̀gì 25. Bí epo bá gbówó lórí kí wọ́n tó ra 5 tó kù, àpò ẹgbẹ́ ni àfikún náà yóò ti jáde, èrè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì dín kù. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe nìyí:

1. Ìwé ọ́dà kan ṣoṣo ni kí ẹgbẹ́ ní, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí a kọ ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye ọjà, owó tí a gbà àti ibi tí ọjà ń lọ sínú rẹ̀. Kí a tún kọ iye tó wà nílẹ̀, iye tí a ti ṣèlérí, àti iye tó kù. Bí 20 bá wà nílẹ̀, tí a ti ṣèlérí 18, 2 péré ni a lè tà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oníbàárà lóhùn láìkọ́kọ́ bi olùtọ́jú ìwé.

2. Ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni kí ọjà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Bí ẹrù bá ń gba ọjọ́ méjì, kí a sọ mẹ́ta fún oníbàárà. Inú ẹni tí ọjà rẹ̀ tètè dé a máa dùn.

3. Kí ẹnì kan di ẹrù, kí ẹlòmíràn fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì le dáadáa, kí a sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín sí i lára.

4. Ní gáréèjì, kí a kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti fóònù awakọ̀, kí a ya fọ́tò ẹrù, kí a sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Ọ́dà kò tíì parí títí oníbàárà yóò fi sọ pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́.

5. Bí ọjà bá jò tàbí bí ó bá dín, kí a pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a dá owó padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ń dáàbò bo oníbàárà wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí a kọ ohun tó fà á sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ lè tún un ṣe.

Ẹ rántí àwọn aṣáájú wa ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, óòtì àti àbẹ́là ni ọjà tó wà níbẹ̀. Ọjà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn pé. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kí àwa náà máa tà.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ta ni ìwé ọ́dà ẹgbẹ́ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ́dà mélòó ni a ti gbowó rẹ̀ tí a kò tíì fi ránṣẹ́ lónìí? Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn kí ìpàdé tó parí, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.