Àṣìṣe Ọjọ́ àti Àkókò nínú Dátábéèsì: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ló ń kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ ìbí wọn àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n gbà sílẹ̀ pamọ́ sínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń to ìsọfúnni jọ sí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ àti àkókò wà lára ohun tó máa ń ní ìṣòro jù lẹ́nu ọ̀nà yìí. Bébà yìí ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti ọ̀nà àtúnṣe. Kókó rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ kò léwu tó èyí tó gbà sódì.

Pọ́nna inú Ọjọ́

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú. Nítorí náà, 03/04/2008 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lójú olùkọ́ ní Kánò, ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lójú ará New York. Pọ́nna ni èyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ èdè ṣe ń pè é.

Èdè PHP, tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ strtotime. Bí irinṣẹ́ yìí bá rí àmì /, ìlànà Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ lé. Yóò gba 03/04/2008 láìjanpata, ṣùgbọ́n oṣù kẹta ni yóò kà á sí. Ní ti 25/12/2008, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí náà yóò kọ̀ ọ́. Bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá yẹ ìkọ̀sílẹ̀ yìí wò, òdo ni yóò di, òdo náà yóò sì di 1970-01-01, ọjọ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Bí aago ètò náà bá wà ní ti Nàìjíríà, agogo kan òru ni yóò kọ sí i.

Ohun tí Dátábéèsì Ń Fẹ́

MySQL ń fẹ́ '2008-04-03': ọdún, oṣù, ọjọ́. Èyí bá ìlànà àgbáyé ISO 8601 ti ọdún 1988 mu, kò sì ní pọ́nna. Àmì àyọlò tó yí i ká ṣe pàtàkì. Bí a bá yọ ọ́, ìyọkúrò ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe: 2008 dín 4 dín 3, ó ku 2001. Ní àtijọ́, MySQL máa ń sọ ọjọ́ tí kò bójú mu di 0000-00-00, tí yóò kàn kìlọ̀ lásán. Láti ẹ̀dà 5.7 ti ọdún 2015, kíkọ̀ ló máa ń kọ irú rẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá yí ètò náà padà.

Wákàtí Kan Tó Ń Jẹ Odidi Ọjọ́

Aago Nàìjíríà àti ti Benin fi wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé, UTC. Ti Togo àti Ghana bá UTC dọ́gba. Bí ètò kan bá kọ ọjọ́ ìbí ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agogo méjìlá òru 2008-04-03, tó sì yí i sí UTC, agogo mọ́kànlá alẹ́ 2008-04-02 ló dà. Ọmọ náà ti fi ọjọ́ kan dàgbà lórí ìwé. Ìdí nìyí tí ọjọ́ ìbí fi gbọ́dọ̀ wà ní àyè DATE, tí kò ní wákàtí. Àkókò tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ ni kí wọ́n fi sí UTC.

Ìgbésẹ̀ Àtúnṣe

1. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wo ohun tí fọ́ọ̀mù fi ránṣẹ́ gan-an, kó tó wo dátábéèsì.
2. Kí ó wo irú àyè tó gba ọjọ́ náà. Ọjọ́ tó wà ní àyè ọ̀rọ̀ lásán kò ṣeé tò bó ṣe yẹ.
3. Kí ó fi ọjọ́ méjì dán ètò wò: 3 oṣù kẹrin àti 25 oṣù kejìlá. Èkejì nìkan kò lè tú àṣírí pọ́nna.
4. Kí ó pín ọjọ́, oṣù àti ọdún sí àyè mẹ́ta lórí fọ́ọ̀mù, kí oṣù sì jẹ́ orúkọ.
5. Kí ó má fi àbá tún ọjọ́ tó ti bàjẹ́ ṣe. Ìwé àkọ́kọ́ ni kó padà sí.

Ìlò rẹ̀ nínú Kíláàsì

Ìṣirò ọjọ́ Yorùbá ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní 3 oṣù kẹrin, tí wọn yóò sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, 10 ni ìsọmọlórúkọ rẹ̀ bọ́ sí. Ètò tó bá fi 8 kún 3 yóò mú 11 wá. 7 ló yẹ kó fi kún un. Kí olùkọ́ Haúsá, Ìgbò tàbí èdè mìíràn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí bí èdè tirẹ̀ ṣe ń ka ọjọ́, kí wọ́n sì fi wéra.

Àgbálọgbábọ̀

Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí ẹni tó kọ ọjọ́ ní lọ́kàn. Ojúṣe olùkọ́ ni láti mú pọ́nna kúrò kí ọjọ́ tó wọlé. Bí ọjọ́ bá yí padà lára ohùn àgbà kan tó ti kú, kò sí ẹni tí a óò bi léèrè mọ́.