Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé: Bí Fóònù Ṣe Lè Bá Wa Tọ́jú Ẹ̀dà Ìwé Wa

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí bí ìdílé ṣe lè fi ẹ̀dà ìwé pàtàkì pamọ́ síbi tí iná, omi tàbí olè ilé kò lè dé.

Àwa tí a ń gbé Sabon Gari mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2016, iná jó ọjà Sabon Gari, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ló sì bá a lọ. Ọjà ṣeé tún rà. Ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé àti rìsíìtì owó ilẹ̀ kò rọrùn láti tún gbà, pàápàá fún ẹni tí ìlú rẹ̀ jìnnà.

A mọ ìyá kan láàárín wa tó ya àwòrán gbogbo ìwé rẹ̀ sínú fóònù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òjò wó igun yàrá rẹ̀ lóru. Àpótí ìwé rin gbingbin, fóònù tó gbé lé e lórí sì mumi. Nígbà tí onílẹ̀ ní kò san owó ọdún tó kọjá, kò rí nǹkan kan fi hàn. Ó tún owó náà san. Ibì kan náà ni ẹ̀dà méjèèjì wà. Ohun tó ba ọ̀kan jẹ́ ló ba èkejì jẹ́.

Google Photos wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android. Bí a bá tò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò máa fi àwòrán ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́nà jíjìn, tí à ń pè ní sáfà. Báyìí ni a ṣe ń tò ó:

1. Ẹ ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé kà.

2. Ẹ ṣí Google Photos. Ẹ tẹ àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ yín lókè, ẹ wọ "Photos settings", lẹ́yìn náà "Backup", kí ẹ sì tàn án.

3. Ẹ mú "Original quality" bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán wà bó ṣe rí. "Storage saver" máa ń dín in kù kí ó má gba àyè.

4. Bí ẹ kò bá gba fóònù láyè láti lo dátà yín, yóò dúró títí yóò fi rí Wi-Fi. Ẹni tí kò ní Wi-Fi lè gbà á láyè, ṣùgbọ́n kí ó fi òdiwọ̀n sí i fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

5. Àwòrán tó gba WhatsApp wọlé wà ní fódà ọ̀tọ̀. Ẹ yan fódà náà pẹ̀lú.

6. Ẹ lo fóònù ẹlòmíràn tí ẹ fọkàn tán láti wò ó bóyá àwòrán ti dé. Ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ kíyè sára. Àwòrán tí ẹ bá pa rẹ́ nínú Google Photos yóò kúrò ní sáfà pẹ̀lú. 60 ọjọ́ péré ni yóò lò nínú "Trash". Bí fóònù bá kún, "Free up space" ni kí ẹ lò. Àyè ọ̀fẹ́ jẹ́ 15 GB. Bí a kò bá lo àkáǹtì fún ọdún 2, wọ́n lè pa á rẹ́. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni yín kan.

Ẹ má sì sọ ojúlówó ìwé nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já, íntánẹ́ẹ̀tì sì dá gúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó mọ fóònù ran àgbà lọ́wọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìbéèrè fún ìdílé: Ìwé wo ni yóò dùn wá jù bí ó bá sọnù? Ibo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà lálẹ́ òní?