Ìṣirò Ìṣàn Omi: Láti Òkè Mápó Dé Káínjì

Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Àwa ará Ìbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún pa ènìyàn tó lé ní 100. Ǹjẹ́ a lè mọ ibi tí omi yóò gbà kí òjò tó rọ̀? Ìṣirò lè ràn wá lọ́wọ́.

Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè Mápó a máa pín: apá kan a dorí kọ Ògùnpa, apá kan a dorí kọ Kúdẹtì. Òrùlé páànù Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà kì í mu omi. Kíá ni gbogbo rẹ̀ ń di àgbàrá. Láti tọpa rẹ̀, ohun mẹ́ta ni a ó ṣe.

Èkínní, a ó pín ilẹ̀ sí ojú igun mẹ́rin kéékèèké, bí ìwé gíráàfù.

Èkejì, a ó ṣírò omi inú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí lítà 50 bá wọlé, tí 30 sì jáde, lítà 20 ló kún un.

Ẹ̀kẹta, a ó pín àkókò. Ní ọdún 1928, Courant, Friedrichs àti Lewy fi hàn pé ìṣísẹ̀ àkókò kò gbọdọ̀ gùn débi tí ìgbì omi yóò fi fo ojú kan kọjá. Bí ojú kan bá fẹ̀ ní mítà 10, tí ìgbì sì ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣísẹ̀ wa kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni Lewis Fry Richardson, ọmọ ìjọ Quaker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọwọ́ ṣe irú ìṣirò yìí fún afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run, nígbà tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní Faransé. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1922. Ọ̀nà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé àwọn iye tó fi bẹ̀rẹ̀ kò bára wọn mu. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún wa: bí àwòrán ilẹ̀ bá fi gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ hàn, tí pàǹtí sì ti dí i, irọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò sọ.

Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ẹnjiníà ń lò fún tọ́báìnì, irú èyí tí 8 wà ní Káínjì lórí Odò Ọya, tí agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ mẹgawáàtì 760. Níbẹ̀, àwọn ojú kéékèèké a máa yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ irin. Ibi tí ìtẹ̀ omi bá ti lọ sílẹ̀ jù, ìhó a yọ. Bí ó bá ti ń bẹ́, a máa jẹ irin náà. Ìṣirò a fi ibẹ̀ hàn kí a tó rọ abẹ̀bẹ̀.

Ẹ dán èyí wò: bí ojú kan bá jẹ́ mítà 20, tí ìgbì ń sáré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ni ìṣísẹ̀ àkókò kò gbọdọ̀ jù?

Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wọn gọ́tà àdúgbò wa, kí a kó pàǹtí inú rẹ̀, kí a sì ṣírò omi kí òjò tó dé.