Ojú Olójú Kò Dà Bí Ojú Ẹni

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò dà bí ojú ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó fẹ́ ra gírììlì àlòkù lórí Jiji tàbí Facebook wí gan-an, nítorí pé fóònù ọlọ́jà ló ń bá oníbàárà wo ọjà. Fóònù lè fi àwọ̀ hàn, kò lè fi ooru hàn. Bẹ́ẹ̀, ooru gan-an ni oníbàárà ń fowó rà.

Ká ní ẹnì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja sísun, ó wá rí gírììlì gáàsì tòkunbọ̀ kan tó ń dán gbinrin. Ọlọ́jà ní kó sanwó, kí òun fi ránṣẹ́ sí gáréèjì Ṣágámù. Kó má dá a lóhùn. Jiji fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí oníbàárà má sanwó sílẹ̀, kó pàdé ọlọ́jà níbi tí èrò wà, kó sì yẹ ọjà wò. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń ta àlòkù láti jẹ́ kó hàn pé àlòkù ni.

Ibi tí gírììlì ti wá ṣe pàtàkì. Ní London, gáàsì inú páìpù ló ń wọ ọ̀pọ̀ ilé. Tiwa ń ti inú sílíńdà jáde, gáàsì méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ihò tín-ín-rín tí gáàsì páìpù ń gbà jáde tóbi ju ti sílíńdà lọ. Bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀, iná á máa ru sókè ní pípọ́n, á sì máa sọ ẹran di dúdú. Ti iná mànàmáná tó ti Amẹ́ríkà dé ńkọ́? Fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa jẹ́ 230.

Kí wọ́n tan gírììlì náà kí owó tó jáde lápò.

Bó bá jẹ́ ti gáàsì, omi ọṣẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi pa rọ́bà àti oríkèé rẹ̀. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: rọ́bà tó ti là kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé délé pé ó di ọ̀la kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to búrẹ́dì gígé bo ojú irin náà, kí wọ́n jẹ́ kó yá díẹ̀, kí wọ́n sì yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí búrẹ́dì ti jó dúdú ni ooru kó jọ sí. Níbi tó ṣì funfun, ó ṣeé ṣe kí ihò iná ti dí tàbí kí irin ti dógùn-ún. Ẹja tí wọ́n bá tẹ́ sórí irú irin bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á jó, ìrù rẹ̀ á ṣì wà ní tútù.

Ẹni tó fẹ́ mọ iye ooru náà lè fi ìbọn ìwọ̀n-ooru wò ó, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti báńkì nígbà Kòrónà ní 2020. Ìyẹn kì í sábà kà kọjá nǹkan bí 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ojú gírììlì tó gbóná dáadáa sì máa ń kọjá 200. Irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò ni kí wọ́n yá. Irin tó ń dán a máa tan ìbọn náà jẹ, á ní kò gbóná tó bó ṣe gbóná. Kí wọ́n fi òróró díẹ̀ pa ojú kan, kó jó dúdú, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Òde nìkan ló sì ń kà: ara adìyẹ gbọ́dọ̀ dé 74 nínú lọ́hùn-ún, ìwọ̀n-ooru tí wọ́n ń tì bọ inú ẹran ló lè sọ ìyẹn.

Ní ti gírììlì èédú tí wọ́n fi dúróòmù ṣe, kí wọ́n ṣọ́ra fún irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Síǹkì ń yọ́ ní 420, iná èédú sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín rẹ̀ a máa fa ibà àti ikọ́ fún ẹni tó dúró tì í. Bí ọlọ́jà kò bá lè sọ ohun tí dúróòmù náà gbé rí, bóyá epo ni tàbí kẹ́míkà, kí oníbàárà fi í sílẹ̀ fún un.