Ìgbà Wo Ni Ẹjọ́ Ọ̀daràn Tán?

Tí wọ́n bá ti gba béèlì ọmọ àdúgbò kan, ijó a bẹ̀rẹ̀: "Ẹjọ́ ti parí!" Kò tíì parí. Béèlì kàn ń jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ máa ti ilé wá jẹ́jọ́ ni. Tó bá sá lọ, oníduúró rẹ̀ wọ gàù.

Nígbà tí adájọ́ bá dá èèyàn láre, tàbí tó dá a lẹ́bi tó sì sọ ìyà tí yóò jẹ, ẹjọ́ ti tán ní kóòtù yẹn. Ẹni tí ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga kò tẹ́ lọ́rùn ní 90 ọjọ́ láti lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́mílọ́rùn. Láti ibẹ̀, 30 ọjọ́ ló ní láti dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Bí àpẹẹrẹ, lọ́dún 1963, wọ́n rán Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10. Lọ́dún 1964, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà kò dá a láre. Kò sí kóòtù mìíràn mọ́. Ìjọba Gowon ló tú u sílẹ̀ ní 1966.

Ikú náà máa ń fòpin sí ẹjọ́. Ìjọba ológun fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan M.K.O. Abíọ́lá ní 1994. Ó kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje, 1998, láì sí adájọ́ kankan tó dá a lẹ́bi tàbí tó dá a láre.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ìgbà tí olùpẹ̀jọ́ bá ní òun kò ṣe mọ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, là á yé wa. Bí wọ́n bá fa ẹjọ́ sẹ́yìn kí kóòtù tó pe olùjẹ́jọ́ láti wí tẹnu rẹ̀, ìdásílẹ̀ lásán ló sábà máa ń jẹ́. Wọ́n tún lè gbé ẹ̀sùn kan náà dé, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè é kó wá sọ tirẹ̀, kóòtù gbọ́dọ̀ dá a láre. Ẹni tí a dá láre, abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà kò gbà kí a tún gbé e lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àfi bí ilé-ẹjọ́ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ tún lágbára, lábẹ́ abala 211 ìwé òfin Nàìjíríà kan náà, láti dá ẹjọ́ dúró nígbàkúgbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Nínú ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Ilori, ní 1983, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kóòtù kò lè bi agbẹjọ́rò àgbà náà ní ìdí. Agbára ńlá gbáà nìyẹn, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tó ń retí ìdájọ́. Olùjẹ́jọ́ pàápàá kò bọ́ pátápátá níbẹ̀, nítorí wọ́n ṣì lè pè é padà.

Nítorí náà, kí ẹni tó gba òmìnira béèrè ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí. Kó kà á fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n dá a sílẹ̀ ni, tàbí wọ́n dá a láre, kó sì tọ́jú ìwé náà.