Má tíì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ

Màmá wa,

Aránṣọ ni mí ní Ìsọlọ̀, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Aswani. Mafolúkù ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 29 sì ni mí. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n fi ń tọ́jú mi fún ibà àti làkúrègbé ni wọ́n tó sọ fún mi pé lupus ló ń ṣe mí. Láàárọ̀, ìka mi kì í ká, n kì í lè di sísọ́ọ̀sì mú. Tó bá di ọ̀sán, ara mi á dá, mo sì lè rán aṣọ méjì kó tó di alẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀gá mi fi ń sọ pé ọ̀lẹ ni mí, pé mo mọ ìgbà tó yẹ kí ara ro mí. Oògùn tí wọ́n fún mi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi wú, àwọn oníbàárà sì ń bi mí bóyá mo ti lóyún. Mo dá gbogbo oògùn náà dúró lóṣù tó kọjá. Àgbo ni ìyá mi ń fún mi báyìí. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ mi ti ń wú lálẹ́, tí ìtọ̀ mi sì ń hó. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi kò mọ nǹkan kan, ìjọ wa sì ti ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ṣáájú ìgbéyàwó. Mo ń rò ó pé kí n ta ẹ̀rọ mi, kí n padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Aránṣọ, Ìsọlọ̀

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣì lè dúró díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń wú àti ìtọ̀ tó ń hó kò lè dúró. Má retí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì rẹ. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, ọ̀la ni kí o lọ sí ilé ìwòsàn.

Lupus a máa wọ kíndìnrín, kì í sì í dunni nígbà tó bá ń wọ ibẹ̀. Àmì tó máa ń hàn náà ni èyí tí o kọ sí mi yìí: ẹsẹ̀ wíwú, ìtọ̀ híhó, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ ríru tí aláìsàn kò mọ̀ pé ó wà lára òun. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ lè fi hàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá pùrótéènì ń jò jáde láti inú kíndìnrín. Wọ́n lè ṣe é fún ọ ní Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Ìsọlọ̀, kò sì jìnnà sí ọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tó ń dá a dúró. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó rí i, ọ̀rọ̀ á di ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìwọ náà sì mọ ohun tí owó ìyẹn ń sọ ìdílé dà ní Èkó.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, sọ ọjọ́ tí o dá oògùn dúró gan-an. Sọ̀rọ̀ àgbo náà, má fi pamọ́. Oògùn tó mú ojú rẹ wú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ prednisolone. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tó jọ ọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń gbé e mì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ara á dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá wá dá a dúró lójijì lè dákú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, ó sì lè máa bì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń dín in kù ni ojú náà á ṣe máa padà bọ̀ sípò. Má sì tún dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ o. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò ná.

Ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tó jókòó tì ọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí fún ọ, nítorí náà jẹ́ kí n ṣe é. Nínú ara gbogbo wa ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Nínú lupus, ọlọ́dẹ tí a gbà láti ṣọ́ ilé ló ń na onílé. Awọ, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, gbogbo ohun tó so ara pọ̀ ló lè fọwọ́ bà. Ìdí nìyẹn tó fi ń jọ ibà lónìí, tó ń jọ làkúrègbé lọ́la, tí irun á máa já, tí egbò á yọ sẹ́nu. Kì í ràn. A kì í kó o lára ọkùnrin tàbí obìnrin. Obìnrin ló ń mú jù, nǹkan bí mẹ́sàn-án sí ọkùnrin kan, àwọn tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ bíi tìrẹ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ó lè rọlẹ̀ fún oṣù, kódà fún ọdún, kó sì tún dìde. A kò tíì rí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn tó ń mú un rọlẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi í dàgbà.

Ọdún méjì tí wọ́n fi ń pè é ní ibà dùn mí, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Ní 1968, dókítà kan tó ń jẹ́ Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, pé irú àìsàn báyìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà. Èrò náà pẹ́ nílẹ̀. Nígbà kan náà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó ń ní lupus ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélọ́wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìmọ̀ àìsàn oríkèé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó fi hàn pé ó ń bẹ láàárín wa. Ní 2009, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ ìròyìn aláìsàn 66 tí wọ́n rí jáde. Ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, ẹ̀ka kan wà fún irú àìsàn yìí. Bí kì í bá ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ, ní kí dókítà Ìsọlọ̀ kọ ìwé fún ọ lọ síbẹ̀.

Ó ku oògùn kan tí n kò fẹ́ kí o fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: hydroxychloroquine. Mọ̀lẹ́bí chloroquine tí gbogbo wa lò fún ibà ni, láti 1955 ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí i fún lupus ní Amẹ́ríkà. Kì í yára ṣiṣẹ́. Ó lè tó oṣù díẹ̀ kí o tó rí ipa rẹ̀, èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé kò wúlò. Ọjọ́ tí ara bá dá, òun ló dá a. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí o jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n yẹ ojú rẹ wò níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ọdún bá ti ń lọ, torí ó lè pa ojú lára bí a bá lò ó pẹ́ tàbí tó pọ̀ jù. Má dúró kó tán pátápátá kí o tó lọ ra òmíràn. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà yin oògùn yìí fún kòrónà, àwọn ará Èkó sáré ra chloroquine, owó rẹ̀ fò sókè, àwọn kan sì lò ó jù débi tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Àwọn tó ní lupus káàkiri ayé wá ń wá hydroxychloroquine tì.

Wàyí o, iṣẹ́. Èmi kò rí ìdí tí o fi máa ta ẹ̀rọ. Aago iṣẹ́ rẹ ni kò bá ara rẹ mu. Oríkèé tó gan láàárọ̀ tó sì tú lọ́sàn-án, bí àìsàn yìí ṣe rí nìyẹn, ọwọ́ rẹ kọ́ ló ń tanni jẹ. Nítorí náà, má ṣe gba iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì láàárọ̀. Bí o bá tètè dé, wọn oníbàárà, kọ ìwọ̀n sílẹ̀, to aṣọ tí wọ́n fẹ́ gbà. Kó gígé lééṣì tó nípọn àti fífi ọwọ́ rán etí aṣọ sí agogo mọ́kànlá sókè. Fi àkísà àǹkárá wé ojú ihò sísọ́ọ̀sì kó nípọn, kí ìka má baà tẹ̀ jù, kí o sì máa pọ́n ọn déédéé. Sísọ́ọ̀sì tó kú ń pa ọwọ́ ju iṣẹ́ lọ. Bí ẹ̀rọ Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ ni o ń lò, wá owó mọ́tò kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Má dúró nídìí áyọ́ọ̀nù gbígbóná fún wákàtí gbọọrọ, jẹ́ kí ọmọṣẹ́ ṣe é.

Oòrùn ń ru lupus sókè. Ojú lè pọ́n láti imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ara á ro, kódà kíndìnrín lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Aswani ń kún, bí o bá máa lọ ra aṣọ, kó jẹ́ kí oòrùn tó mú, tàbí kí o rán ọmọ. Láti Mafolúkù sí Ìsọlọ̀, wọ aṣọ apá gígùn, gbé agbòòrùn, jókòó sí apá tí oòrùn kò sí nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tí o ń wọ̀ bá ń gbéra láti inú ibùdókọ̀ Òṣòdì tí wọ́n ṣí ní 2019, abẹ́ òrùlé ibẹ̀ ni kí o ti dúró. Ra ìpara tó ń dí oòrùn tó ní SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀, fún ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ìpara tí wọ́n ń pò ní ẹ̀gbẹ́ títì pa ojú tó ti pọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ le díẹ̀ fún mi, torí mo mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí nígbà aṣọ ẹbí. Ẹni tó ń rí ọ tí o ń rẹ́rìn-ín ní agogo méjì kò lè mọ bí agogo méje ṣe rí bí o kò bá sọ. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, mú un lọ bá a ní ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá dákẹ́, kí o sì sọ báyìí: “Àǹtí, àìsàn kan ń ṣe mí tí kì í hàn síta, ìwé ilé ìwòsàn rèé. Ọwọ́ mi kì í ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa wọlé ní agogo mẹ́wàá, kí n sì máa pẹ́ lálẹ́. Ẹ máa san owó mi lórí aṣọ tí mo bá rán.” Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ owó orí aṣọ yẹn, torí yóò parí ẹjọ́ ọ̀lẹ. Bí kò bá gbọ́, wá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ aránṣọ tó ń bọ̀wọ̀ fún, kó bá ọ sọ ọ́. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 16, fún òṣìṣẹ́ ní owó ọjọ́ 12 lọ́dún fún àìsàn tí dókítà bá jẹ́rìí sí. Mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òfin kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ẹnu rẹ kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò ìjọ. Ìdí pàtàkì kan wà: lupus lè mú kí VDRL, àyẹ̀wò rẹ́kórẹ́kó, sọ pé ó wà lára rẹ nígbà tí kò sí. Ìgbéyàwó lè tú ká lórí irú èsì bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn ní ibi àyẹ̀wò pé lupus wà lára rẹ, bí ó bá sì mú un, ní kí wọ́n ṣe TPHA láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ bíbí ṣeé ṣe. Ohun tí àwọn dókítà ń fẹ́ ni kí àìsàn ti rọlẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà kí oyún tó dé. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún kíndìnrín sì ń pa ọmọ inú lára, wọ́n á sì ní láti pààrọ̀ wọn ṣáájú. Hydroxychloroquine ní tirẹ̀, wọn kì í dá a dúró nínú oyún.

Ìyá rẹ ń fi ìfẹ́ fún ọ ní àgbo. Má bá a jà. Mú ìyá rẹ dání lọ sí ilé ìwòsàn, kó gbọ́ láti ẹnu dókítà pé kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ kò lè gba àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni diclofenac àti ibuprofen tí ẹ̀yin aránṣọ máa ń rà ní kẹ́míìsì fún ẹ̀yìn ríro: má gbé ọ̀kankan mì títí wọ́n á fi yẹ kíndìnrín rẹ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú tí àwọn oníbàárà ń wò. Seal, olórin tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1963, Olúṣẹ́gun wà lára orúkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ni ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, a ní ilà ni. Lupus awọ ló dá a sí i lójú. Ojú yẹn náà ló gbé lọ gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ní 1996. Kì í ṣe dandan kí o ro ẹjọ́ ojú rẹ fún ẹni tó wá gba bùbá.

Owó àyẹ̀wò àti oògùn wọ́n, n kò ní tàn ọ́. Lọ béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ìlera Èkó, ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, bi wọ́n léèrè oògùn àti àyẹ̀wò tí yóò bá ọ san nínú èyí tí dókítà kọ fún ọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo bẹ̀ yín: bí ọmọṣẹ́ yín bá gbé ìwé ilé ìwòsàn wá, ẹ kà á kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ. Ìwọ ọmọ mi, àyẹ̀wò ìtọ̀ ni àkọ́kọ́. Kọ̀wé sí mi padà kí n mọ ohun tí wọ́n sọ.